Ojúgun Fisáyọ̀mi

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé

Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe irú mi ló yẹ kó máa kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ayé ń dúró dè é. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni mo tíì lò ní ọdún kìíní nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, n kò sì tíì mọ ọ̀nà ilé-ìkàwé dáadáa. Ṣùgbọ́n bí n kò bá rí ibì kan tú inú mi sí, màá tú u sí ẹnìkan lójú, ìyẹn yóò sì burú ju ìwé lọ.

Ọjọ́ tí lẹ́tà ìgbaniwọlé mi dé ni Àǹtí Àyọ̀kẹ́, àbúrò màmá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mayfair ní Ifẹ̀, ti yí orúkọ mi padà. Ìkẹ́olúwa di Nọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà ni gbogbo ilé ti ń kó àìsàn wá bá mi bí ẹni ń kó aṣọ fún alágbàfọ̀. Bàbá onílé gbé ojú rẹ̀ tó ń ṣe omi wá. Ìyàwó tó ń gbé lẹ́yìn ilé gbé ọmọ tó ń wúkọ́ wá. Ẹni tó bá ní làákàyè ì bá sọ pé òun kò mọ̀. Èmi dáhùn. Mo wo ojú bàbá, mo mi orí, mo ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Eré Fisáyọ̀mi, ọmọ Àǹtí, ni gbogbo ilé ń sọ báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ń sáré irinwó mítà, wọ́n ní kò sí ọmọbìnrin tó lè lé e bá nínú gbogbo ilé-ìwé girama tó wà ní Ifẹ̀. Ìdíje ń bọ̀ ní Òṣogbo ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀. Kóòṣì wọn sọ pé àwọn kan yóò wá láti Èkó, wọn yóò mú ẹni tó bá gba ipò kìíní, wọn yóò sì máa san owó ilé-ìwé rẹ̀ títí dé yunifásítì. Ọdún méje nìyí tí ọkọ Àǹtí ti kú. Àǹtí gba ọ̀rọ̀ kóòṣì yìí gbọ́ ju ìwàásù òwúrọ̀ òní lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ooru. Iná kò sí láti àná.

Nígbà tí a jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, Fisáyọ̀mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé mi nítan. Ó ní, “Àǹtí Ìkẹ́, ẹ bá mi wo ibí. Tí mo bá ń sáré nìkan ló máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Ó ti wá ń dùn mí báyìí tí mo bá jókòó.” Ìka kan ṣoṣo ló fi tọ́ka sí i lójúgun, ibi tí kò fẹ̀ ju ẹ̀wà kan lọ.

Àǹtí dúró tì wá, ó káwọ́ sẹ́yìn. Àwọn ará ilé méjì ti yọjú. Mo tẹ ibẹ̀, ó ké. Mo gbójú sókè bí mo ti rí i tí àwọn dókítà máa ń ṣe nínú fíìmù, mo ní, “Iṣan ló fà.” Níbo ni mo ti rí i? Lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò.

Inú gbogbo wọn dùn. Àǹtí gbé omi kaná, ó ki táwẹ́ẹ̀lì bọ̀ ọ́, ó fi jó ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó sì fi Róòbù wọ́ ọ títí omijé fi jáde lójú rẹ̀. Róòbù kékeré ti di ẹgbẹ̀rin náírà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo yẹ ìwé mi wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí a kà dé. Ojúgun kò sí níbẹ̀. A ṣì wà lórí sẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo tẹ̀lé Fisáyọ̀mi lọ sí pápá ilé-ìwé wọn. Mo wá rí Kóòṣì Lágúnjú tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ búra nínú ilé: fèrè lọ́rùn, ikùn níwájú, fìlà tí wọ́n kọ orúkọ ìdíje kan tó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún sí lára. Kò lè sáré dé ẹnu géètì mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo ẹni tó ń ṣọ̀lẹ. Ó ní kí àwọn ọmọ bọ́ bàtà, kí wọ́n sáré lórí títì ọlọ́dà kí ẹsẹ̀ wọn lè le. Ajá pàápàá ń gba ojú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn. Ó sọ fún wọn pé ìrora kò sí lẹ́sẹ̀, pé inú orí ọ̀lẹ ló ń gbé.

Ọmọbìnrin kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kò bá wọn sáré. Ìníolúwa ni orúkọ rẹ̀. Òun ló yá lẹ́sẹ̀ tẹ̀lé Fisáyọ̀mi, ṣùgbọ́n kóòṣì ti sọ ọ́ di arọ́pò nítorí pé kì í gbọ́ràn. Mo béèrè ohun tí kò gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ.

Kóòṣì pè mí. Ó ní, “Ìwọ ni nọ́ọ̀sì tó ní iṣan ni? O káre. Iṣan kì í dá eléré dúró. Egungun nìkan ni mo máa ń bẹ̀rù.” Mo sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Olùkọ́ wa kọ́ wa nípa ewu ìlera àwọn ọ̀dọ́langba. Ó ka ohun tó hàn lára ògiri fún wa, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀, bí ẹni tí kò bá ọ̀dọ́langba pàdé rí láyé rẹ̀. Oògùn olóró, ọtí, oyún, ìṣeléṣe lórí pápá. Ó ní kí a há wọn sórí, wọ́n lè jáde nínú ìdánwò. Lẹ́yìn mi, àwọn mẹ́ta ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa èéfín olóòórùn èso fún ara wọn lábẹ́ tábìlì. Nọ́ọ̀sì ọ̀la nìwọ̀nyẹn. Èmi tí mo ń wò wọ́n bí ìdọ̀tí gba mọ́kànlá nínú ọgbọ̀n nínú ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

N kò sọ ọ́ nílé. Bàbá onílé ní ojú òun ti ń dára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Fisáyọ̀mi kò tiro mọ́. Òjijì ni. Lánàá, ó sáré kọjá gbogbo wọn, kóòṣì sì fi fóònù pe Àǹtí láti sọ fún un. Àǹtí jó wọ yàrá mi, ó ní ọwọ́ mi dára, pé Ọlọ́run ló rán mi sí ilé òun. Mo gbà á. Mo tilẹ̀ ronú pé bóyá mo ní ẹ̀bùn kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mò ń fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ni nǹkan le mọ́ mi lọ́wọ́. Páálí oògùn pẹlẹbẹ kan ni, wọ́n ti tú ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Tíràmádò, oògùn apàrora. Ẹni tí kò lọ sí yunifásítì pàápàá mọ̀ ọ́n.

Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi àti òun. Kò jiyàn. Ó ní kóòṣì ló ń fún àwọn, pé lọ́jọ́ ìdánrawò ó máa ń lọ̀ ọ́ sínú mọ́ọ̀tì, kí gbogbo wọn mu ún. Èyí tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ni tòun nìkan, ti òwúrọ̀, nítorí pé láìsí i òun kò lè sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ìníolúwa nìkan ló máa ń da tirẹ̀ sílẹ̀, ó rò pé òun gbọ́n ju kóòṣì lọ.

Mo sọ fún un pé oògùn yẹn lè mú un lẹ́rú. Ó wò mí bí ènìyàn ti ń wo ọmọdé.

“Ẹ̀yin lẹ ní iṣan ni, Àǹtí Ìkẹ́. Ṣé iṣan ń pa èèyàn ni? Ẹ jẹ́ kí Òṣogbo kọjá, màá jù ú nù.”

Ó gbé Bíbélì wá. Ó ní kí n búra pé n kò ní sọ fún màmá òun. Ó yẹ kí n kọ̀, mo mọ̀. Mo gbé ọwọ́ lé e bí àgùntàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Òjò àkọ́rọ̀, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Fisáyọ̀mi sùn lé oúnjẹ lórí. Ó ń họ ara, ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí ní bóyá ibà ni, ó bi mí. Mo ní bóyá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà

Ojúgun náà wú láti Ọjọ́bọ̀. Kóòṣì ní kí Àǹtí gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Adésọjí tó ń to eegun ní Ìpetumodù, kí ó bá wọn dì í le kí ó lè ràn án dé Òṣogbo. Mo tẹ̀lé wọn. Aáwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, inú sì ń bí awakọ̀ sí gbogbo ayé. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń to ẹ̀gàn mi jọ. Mo ti rò ó bí bàbá náà yóò ti rí: ọwọ́ dídọ̀tí, òróró tó ń rùn, irọ́ ńlá. Mo ti ń ronú bí màá ṣe ròyìn rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Bàbá tín-ín-rín kan ni. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, èyí tí àwọn kan nínú kíláàsì mi kì í ṣe. Ó pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó dúró. Ó tẹ̀ ẹ́. Fisáyọ̀mi ń wo ògiri. Ó tún tẹ̀ ẹ́ gan-an. Fisáyọ̀mi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

“Ta ló ní iṣan ni?”

Àǹtí fi ìgbéraga nawọ́ sí mi. Ó ní nọ́ọ̀sì àwọn ni.

Bàbá yíjú sí mi. “Ọmọ mi, o ti rí egungun tó sán rí?”

“Rárá, sà.”

“Èyí tí o sọ fún mi yìí, òun ni ò bá sọ fún wọn.”

Ó wá sọ fún Àǹtí pé òun kò ní dì í. Ó ní egungun náà ti fẹ́ là, kí wọ́n gbé e lọ ya fọ́tò egungun ní ọsibítù kó tó di pé yóò fi ẹsẹ̀ náà sáré mọ́. “Nǹkan mìíràn tún wà. Ibi tí mo tẹ̀ yẹn, géńdé á ké níbẹ̀. Ọmọ yìí ò ké. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń lò.” Kò gba kọ́bọ̀.

Gbogbo ẹ̀gàn tí mo gbé lọ sí Ìpetumodù ni mo gbé bọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè kó o lé lórí mọ́.

Nínú ọkọ̀, Àǹtí ń fi bàbá náà ṣẹ̀sín: ẹni tó ń to eegun, tó wá ń lé èèyàn lọ sí ọsibítù. Ó bi Fisáyọ̀mi ní ohun tó ń lò, ọmọ náà ní Róòbù ni. Àǹtí pe kóòṣì. Kóòṣì ní fọ́tò kò níí sá lọ, kí a jẹ́ kí Òṣogbo kọjá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Mo kúnlẹ̀ bá Àǹtí ní ibi tó ti ń gé ẹ̀fọ́. Mo sọ fún un pé n kò mọ nǹkan kan, pé n kò tíì fọwọ́ kan aláìsàn rí, pé irọ́ ni iṣan tí mo pè é, pé bàbá Ìpetumodù ló mọ̀ ọ́n. Mo retí kó gbá mi létí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ yẹ nọ́ọ̀sì. Ó ní ẹni tó mọ̀wé gidi kì í sọ pé òun mọ̀wé, ó sì fi ọwọ́ tó lómi ẹ̀fọ́ pa mí lórí. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí fún àbúrò mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù, àǹfààní yìí kò sì ní kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì.

N kò sọ ti oògùn. Mo ti búra. Irú ẹ̀rí ọkàn wo ni èyí tó ń bẹ̀rù Bíbélì tí kò bẹ̀rù kí ẹsẹ̀ ọmọ kán?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Màmá rẹ̀ ni mo búra pé n kò ní sọ fún. N kò búra nípa ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Mo lò ó.

Ìgbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, Ìyáàfin Ọláfimíhàn, jẹ́ kí n dúró fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Nígbà tí mo wọlé, wọn kò gbójú sókè nínú ìwé tí wọ́n ń máàkì. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: iṣan tí mo pè é, mọ́ọ̀tì, ìbọ̀sẹ̀, ohun tí bàbá Ìpetumodù sọ. Wọ́n bi mí bóyá kóòṣì ti ń yọ mí lẹ́nu tí mo fi ń wá ọ̀nà láti gbẹ̀san. Mo ní rárá. Wọ́n ní láti ọdún mọ́kànlá, ilé-ìwé náà kò gba ife kankan. Fún ìgbà díẹ̀ mo rí wọn tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ife lọ́wọ́ kan, ojúgun lọ́wọ́ kejì.

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo ní, “Mà, tí ẹsẹ̀ yẹn bá kán lójú pápá ní Òṣogbo, gbogbo ìpínlẹ̀ ló máa béèrè ohun tó lò. Orúkọ ilé-ìwé yín ló wà lára aṣọ rẹ̀.”

Wọ́n dìde. Aṣọ ló gbé wọn dìde, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n dìde. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dárúkọ mi, wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Wọ́n tú àpò gbogbo àwọn eléré. Wọ́n rí i lọ́wọ́ Fisáyọ̀mi àti àwọn méjì mìíràn, wọ́n sì rí ìyókù nínú kọ́bọ́ọ̀dù kóòṣì, lábẹ́ àwọn fèrè. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Wọ́n ní kí kóòṣì lọ jókòó sílé títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó. Àǹtí bọ̀ láti ilé-ìwé pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Fọ́tò ẹsẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kò sì sí àga nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ ibi tí a ti dúró. Dókítà fi bírò tọ́ka sí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ojú egungun kọjá. Ó ní eré kan sí i, ó lè kán sí méjì. Kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán. Ní ti oògùn, ó ní kí a máa mú un wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a má sì fi ṣe ìbáwí, nítorí pé ara tí oògùn ti mọ́ lára yóò jà.

Àǹtí bi í bóyá ọmọ náà kò lè sá ẹyọ kan péré. Dókítà tún fi bírò tọ́ka sí ìlà náà. Àǹtí jáde lọ jókòó sórí pèpéle níta, kò sunkún, ó kàn ń tẹ́ ìwé fọ́tò náà lórí ìtan bí ẹni ń lọ aṣọ.

Ara Fisáyọ̀mi ń gbọ̀n. Ó ń làágùn nínú yàrá tí fáànù ti ń ṣiṣẹ́, ó ń yán, ó ń bú ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un. Mo fẹ́ sọ fún un lónìí pé èmi ni mo lọ sí ilé-ìwé wọn, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi, ni ó bá ní, “Ìníolúwa ni. Òun nìkan ni kì í mu ún. Òun náà ló máa sá eré mi.” Ó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì lórí fóònù. Ní báyìí, olófòófó ni gbogbo wọn ń pe ọmọ yẹn.

Mo fi kànrìnkàn bọ omi. Mo fọ ẹ̀yìn rẹ̀. 

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ìníolúwa gba ipò kẹrin. Kò sí ẹnikẹ́ni tó wá láti Èkó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n rí Kóòṣì Lágúnjú ní Ẹnuwá, ó jókòó sábẹ́ agboòrùn ẹni tó ń ta káàdì fóònù, ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé fítámì lòun ń fún àwọn ọmọ, pé ìlara àwọn obìnrin ni kò jẹ́ kí Ifẹ̀ gba ife. Àwọn kan ń mi orí. Irú orí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mì, nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀ tó lè dà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ń jókòó sí gbangba. Èmi ni mò ń fara pamọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mò ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìníolúwa dúró dè mí ní kọ̀rọ̀ tí a ń gbà wọlé. Ó mú ìwé iṣẹ́ kíláàsì dání, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ láti ọjọ́ tí Fisáyọ̀mi kò ti wá. Ó ti dà á kọ fún un. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi. Ó ní òun rí mi lọ́jọ́ tí mo jókòó síwájú ọ́fíìsì ìgbákejì ọ̀gá.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé mò ń lọ sọ fún Fisáyọ̀mi báyìí, pé kí ọjọ́ òní tó ṣú, gbogbo kíláàsì yóò ti gbọ́.

“Ẹ má sọ fún un, mà.”

Mo bi í kí ló dé.

“Ta ló ń wẹ̀ fún un? Ta ló ń dì í mú tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n? Tó bá mọ̀ pé ẹ̀yin ni, kò ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan òun mọ́, á sì wá ẹni tó máa bá a ra òmíràn. Èmi, ó ti ń bá mi jà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ná.”

Mo ní olófòófó ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun ń gbọ́. Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu imú, ó ní kí n má ṣe sọ pé òun lòun kọ ìwé náà, kó má baà ya á.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo wá ohun tí mo lè kẹ́gàn lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, n kò rí. Mo gbà. Mo kórìíra bó ti yá mi lára tó láti gbà, bí ọkàn mi ti fúyẹ́ tó bí mo ti ń wọlé.

Mo sọ fún Fisáyọ̀mi pé olùkọ́ wọn ló fi ìwé náà ránṣẹ́. Ó ṣí i, ó ń kà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ náà ti dára sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí n fún òun ní oúnjẹ.

Nítorí náà, ìwọ tí o ka èyí, má sọ ọ́ jáde. Mi ò bẹ̀ ọ́ nítorí tèmi, n kò yẹ lẹ́ni tí à ń bá pa àṣírí mọ́. Lọ́jọ́ tí egungun yẹn bá jinná, tí ara rẹ̀ sì ti gbàgbé oògùn, èmi fúnra mi yóò kó àwọn méjèèjì jókòó, màá sọ ọ́ lójú ara wọn, kí wọ́n ṣe mí bó ti wù wọ́n. Kí ọjọ́ náà tó dé, pa ìwé yìí dé, dá a padà sábẹ́ àwọn aṣọ mi bí o ti bá a, kí o sì kí Fisáyọ̀mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan tí o bá ń kọjá lára rẹ̀.